Oblong: ṣé ilẹ̀kùn ni tàbí ìbẹ́pẹ?

Ìyá kan tó ń gbé ní ìlú Birmingham kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Wọ́n fún ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n ya oríṣiríṣi àwòrán sínú ìwé, wọ́n sì ní kó fi ọ̀dà pupa kun gbogbo èyí tó bá jẹ́ oblong. Ìyá yìí, tó ka ìwé mẹ́wàá rẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣàlàyé fún ọmọ náà pé ohunkóhun tó bá gùn díẹ̀ tí orí rẹ̀ méjèèjì sì ká, bí ìbẹ́pẹ, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ kun àwòrán tó dà bí ìbẹ́pẹ, ó fi èyí tó dà bí ilẹ̀kùn sílẹ̀, olùkọ́ sì fagi lé e. Nígbà tí ìyá náà pe àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston, àbúrò ní ẹ̀gbọ́n òun ló jàre, nítorí pé ojoojúmọ́ ni òun ń rí ọ̀rọ̀ yẹn lára ìgò oògùn, kóró oògùn tí kò sì ní igun kankan ni wọ́n ń fi í ṣàpèjúwe. Ohun tí ìyá yìí wá ń béèrè ni pé ta ló tọ̀nà nínú olùkọ́ àti àbúrò òun, ṣé a lè pe square ní oblong, báwo sì ni èèyàn ṣe lè lo ọ̀rọ̀ náà láìṣì í lò?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Olùkọ́ tọ̀nà nínú iṣẹ́ ìṣirò tó fún ọmọ yín, àbúrò yín náà sì tọ̀nà nídìí oògùn tó ń pín. Ohun tí ẹ sọ fún ọmọ kì í ṣe irọ́, ibi tí ẹ ti lò ó ni kò bá a mu. Ohun kan ṣoṣo ni oblong ń sọ nípa nǹkan níbikíbi tí wọ́n bá ti lò ó, ìyẹn ni pé òòró rẹ̀ ju ìbú rẹ̀ lọ, tí kò fi dọ́gba níhà gbogbo bí square, tí kò sì rí roboto bí àwo oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sọ bóyá nǹkan yẹn ní igun tàbí kò ní. Iṣẹ́ tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ṣe ló ń fi igun kún un. Lẹ́nu oníṣirò àti olùkọ́ ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igun mẹ́rin ti wọ inú rẹ̀ pátápátá. Lẹ́nu apoògùn, onímọ̀ ewéko àti ará Amẹ́ríkà tó ń rajà lọ́jà, kò pọn dandan kó ní igun rárá.

Inú èdè Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a, láti ara oblongus, tí wọ́n fi ń pe ohun tó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ẹ̀rí tó dára jù pé kò sí igun nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú orí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ mùdùnmúdùn tó gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá, ni àwọn dókítà ń pè ní medulla oblongata. Kò gùn ju nǹkan bíi 3 sẹ̀ǹtímítà lọ, òun ló sì ń mú kí á máa mí, tí ọkàn wa sì ń lù, yálà a jí tàbí a sùn. Bí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó fẹ̀ díẹ̀ lókè, ó sì ń tín-ín-rín bọ̀ wá sísàlẹ̀, kò sí ibi kankan lára rẹ̀ tí ẹ lè pè ní igun. Wọ́n fún un ní orúkọ yìí nítorí pé ó gùn, kò sí ìdí mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni quince, èso kan tí wọ́n máa ń sè di jáàmù ní Yúróòpù àti ní ìwọ̀-oòrùn Éṣíà, ṣe ń jẹ́ Cydonia oblonga nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko, bẹ́ẹ̀ èso tí ìdí rẹ̀ yọ bọ̀ǹbọ̀ ni.

Àwọn oníṣirò ló so ọ̀rọ̀ náà mọ́ igun mẹ́rin, ibi tí ìlò yìí sì ti bẹ̀rẹ̀ ni ìwé Elements, ìwé ìṣirò tí Euclid kọ ní èdè Gíríìkì ní nǹkan bíi ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù. Ní ìpín kìn-ín-ní ìwé náà, ní ìtumọ̀ kejìlélógún, Euclid to àwọn àwòrán oníhà mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ. Ó kọ́kọ́ dárúkọ èyí tí ìhà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ igun 90 dígírì, square nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ èyí tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 90 dígírì ṣùgbọ́n tí ìhà rẹ̀ kò dọ́gba, orúkọ tó sì fún un ní èdè Gíríìkì ni èyí tí gígùn rẹ̀ yàtọ̀ síra. Nígbà tí Thomas Heath tú ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1908, oblong ni ó fi dípò orúkọ yẹn. Ẹ kíyè sí i pé Euclid kò fi ọ̀kan sábẹ́ èkejì. Bí àwòrán bá ti jẹ́ square, kì í ṣe oblong mọ́. Bó bá sì ti jẹ́ oblong, kò lè jẹ́ square láé. Ìdáhùn ìbéèrè yín kejì nìyẹn, kò sì sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń lo ọ̀rọ̀ náà fún ohun tí kò ní igun pàápàá kò jẹ́ fi í pe ohun tó dọ́gba níhà gbogbo.

Rectangle ló ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú, mo sì gbà pé òun gan-an ni olùkọ́ ọmọ yín fẹ́ kó yé e. Nínú ìṣirò òde òní, rectangle ni gbogbo àwòrán oníhà mẹ́rin tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ 90 dígírì, yálà ìhà rẹ̀ dọ́gba tàbí kò dọ́gba. Èyí túmọ̀ sí pé rectangle ni square, rectangle sì ni oblong. Nígbà tí àwa ń lọ sílé ìwé, rectangle ni wọ́n ń kọ́ wa pé ó jẹ́ èyí tó gùn, square sì ni èyí tó dọ́gba, bí ẹni pé wọn kò bá ara wọn tan. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá rí i pé bí ọmọ bá fi bẹ́ẹ̀ dàgbà, yóò ṣòro fún un láti gbà pé square náà wà lára rectangle, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń lo oblong fún èyí tó gùn, tí wọ́n sì fi rectangle sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì pọ̀. Mo fara mọ́ ìlànà yìí gan-an, nítorí pé ó fún ọmọdé ní orúkọ kan pàtó fún ohun kan pàtó.

Àǹfààní orúkọ yìí hàn kedere nínú òfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Òfin kìn-ín-ní sọ pé kí pápá jẹ́ rectangle. Ó gbà kí gígùn pápá wà láàárín 90 mítà sí 120 mítà, kí ìbú rẹ̀ sì wà láàárín 45 mítà sí 90 mítà. Bí òfin bá dúró síbẹ̀, ẹnì kan lè ṣe pápá tó gùn ní 90 mítà tó sì fẹ̀ ní 90 mítà, square ni ìyẹn yóò sì jẹ́, kò sì ní tíì rú òfin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti fi gbólóhùn mìíràn kún un pé ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá gbọ́dọ̀ gùn ju ìlà tó gba ojú ilé kọjá lọ. Ká ní oblong ni wọ́n kọ dípò rectangle, ní ìtumọ̀ tí olùkọ́ ọmọ yín fún un, gbólóhùn kejì yẹn kì bá tí wúlò. Ẹ lè fi èyí han ọmọ náà nígbà tí ẹ bá jọ ń wo bọ́ọ̀lù.

Àsíá orílẹ̀-èdè náà wúlò fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Àsíá Nàìjíríà, tí Táíwò Akínkúnmi ya ní 1959 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gùn ní ìlọ́po méjì bó ṣe ga, oblong gidi ni. Àwọ̀ ewé méjì àti funfun tó wà láàárín wọn jẹ́ oblong mẹ́ta tí wọ́n nàró nínú oblong ńlá kan tó dùbúlẹ̀. Àsíá Switzerland ní tirẹ̀ jẹ́ square, oblong kọ́.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn oníṣirò ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ọmọdé lè fọwọ́ kàn án. Ẹ da ẹ̀wà díẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹ ní kí ọmọ tò ó ní ọ̀wọ́ méjì, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní kóró mẹ́ta, mẹ́fà nìyẹn. Kó tún tò ó ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, kóró mẹ́rin-mẹ́rin, méjìlá nìyẹn. Ọ̀wọ́ mẹ́rin, kóró márùn-ún-márùn-ún, di ogún. Nọ́ńbà 2, 6, 12, 20, 30 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní oblong numbers, nítorí pé kóró kan péré ni òòró fi ju ìbú lọ nínú ẹ̀wà tí ẹ tò yẹn. Bí ẹ bá ń ro àwọn nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì pọ̀ tẹ̀léra, 2 kọ́kọ́, kí ẹ fi 4 kún un, kí ẹ fi 6 kún un, kí ẹ fi 8 kún un, àwọn nọ́ńbà yẹn náà ni ẹ ó máa bá pàdé. Bó bá jẹ́ àwọn tí kò ṣeé pín sí méjì ni ẹ rò pọ̀, 1 pẹ̀lú 3 pẹ̀lú 5 pẹ̀lú 7, ẹ̀wà yín yóò máa tò di square nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè máa ń sọ pé ohunkóhun tó bá yà kúrò nínú ìrísí square tàbí ìrísí roboto nítorí pé apá kan rẹ̀ gùn ju ìyókù lọ ni oblong. Nílé ìpoògùn púpọ̀, wọ́n máa ń kọ ìrísí kóró oògùn sára ìgò, àwọ̀ rẹ̀ àti lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, kí aláìsàn lè mọ̀ bó bá jẹ́ pé oògùn ẹlòmíràn ni wọ́n ṣèèṣì dà sínú ìgò tirẹ̀. Níbi iṣẹ́ yìí, oblong yàtọ̀ sí oval, ìyàtọ̀ yẹn sì ṣe pàtàkì. Ẹ mú kóró oògùn tó gùn kan sáàárín ìka. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá lọ tààrà fún ìwọ̀n díẹ̀ kí orí rẹ̀ tó ká, oblong ni. Bó bá jẹ́ pé láti orí kan dé èkejì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ láìsí ibi tó ti tọ́, oval ni.

Àwọn ará ibẹ̀ tilẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ náà sọ ilẹ̀. New York àti Connecticut jà sí ààlà fún ìgbà pípẹ́. Ní 1683 wọ́n ṣe àdéhùn pé kí Connecticut di àwọn ìlú tó wà létí òkun mú, kó sì fi ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan dí i fún New York. Ọdún 1731 ni ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Ilẹ̀ yẹn gùn tó nǹkan bíi 60 máìlì, kò sì fẹ̀ tó máìlì 2, The Oblong ni wọ́n sì sọ ọ́. Níbẹ̀ náà ni àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, ti gbé ìbéèrè dìde ní 1767 pé ṣé ó tọ́ kí Kristẹni máa fi èèyàn bíi tirẹ̀ ṣe ẹrú. Ìtàn yẹn ju ohun tí a ń jíròrò lọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ Yorùbá dárúkọ ibẹ̀ kó má sì sọ ọ́. Ní ìpínlẹ̀ Illinois, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Oblong, tí wọ́n fi ìrísí pápá koríko tó wà níbẹ̀ sọ lórúkọ.

Lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ewéko, ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n. Ewé tí wọ́n bá pè ní oblong ni èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá ara wọn lọ ní ìbádọ́gba, tí orí àti ìdí rẹ̀ ká, tí òòró rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ já ewé gúáfà kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé. Ẹ ó rí i pé àárín rẹ̀ kò fẹ̀ ju òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ púpọ̀, iṣan rẹ̀ tó yọ lẹ́yìn sì ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n kan náà láti ìdí dé orí. Oblong ni àwọn ìwé sábà máa ń pè é, tàbí kí wọ́n ní ó wà láàárín oblong àti elliptic, ìyẹn èyí tó fẹ̀ jù láàárín. Ẹ wá fi ewé kajú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tín-ín-rín níbi tí igi rẹ̀ wà, ó sì ń fẹ̀ lọ sí orí, obovate ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ovate, ìrísí bí ẹyin, tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òdìkejì. Níbí yìí ni ẹ ti ní láti ṣọ́ra, nítorí pé ob tó wà níwájú obovate túmọ̀ sí pé nǹkan ti dorí kodò, ṣùgbọ́n ob tó wà níwájú oblong kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọgbọ́n inú rò pé oblong ni ohun gígùn tó dorí kodò.

Ní ìtumọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko yìí, ẹyin adìyẹ kì í ṣe oblong, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, nítorí pé orí rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Oval ni orúkọ tó tọ́ sí i, inú orúkọ ẹyin ní èdè Látìn gan-an ni oval sì ti wá. Bọ́ọ̀lù rugby, tó gùn ní 28 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, ni òfin eré náà pè ní oval. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní oblong nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a ó gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n oval ni èmi yóò kọ. Ìbẹ́pẹ yín ńkọ́? Ó sinmi lé irú igi tó so ó. Igi ìbẹ́pẹ tó jẹ́ abo pọ́ńbélé sábà máa ń so èyí tó rí roboto tàbí bí ẹyin, nígbà tí igi tí òdòdó rẹ̀ ní akọ àti abo pọ̀ máa ń so èyí tó gùn gbọọrọ. Èyí tó gùn gbọọrọ yẹn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ díẹ̀, ni ẹ lè pè ní oblong níwájú onímọ̀ ewéko láìbẹ̀rù. Níwájú olùkọ́ ìṣirò ní Birmingham, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní ìtumọ̀ tiwọn, mo sì sọ ọ́ kí ó má baà ya yín lẹ́nu lọ́jọ́ kan. Ìwé oblong lọ́dọ̀ wọn ni ìwé tó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, tí wọ́n di ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ níhà tó kúrú, bí ìwé tí a ń lẹ fọ́tò sí. Ìwé tó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, bí Bíbélì àti ọ̀pọ̀ ìwé tó kù, kò ní orúkọ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwé ọmọ yín yóò pe èèpo rẹ̀ ní oblong kíákíá.

Ní ti bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ náà sínú gbólóhùn, kò ṣòro. Ó lè ṣáájú ohun tó ń ṣàpèjúwe, bí "an oblong table", ó sì lè tẹ̀ lé e, bí "the table is oblong". Oníṣirò àti olùkọ́ máa ń fi í ṣe orúkọ fúnra rẹ̀, bí "draw two oblongs". Apá rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ohùn yín wúwo lé. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ẹ lè sọ pé ojú ẹnì kan jẹ́ "slightly oblong", ṣùgbọ́n nínú ìṣirò kò sí díẹ̀ tàbí púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ ohun tó gùn jàǹrànjanran tí ìbú rẹ̀ kò tó nǹkan, bí okùn, ọ̀pá tàbí títì, ẹ má lo oblong, long ni kí ẹ lò. The Oblong ti New York ni ibi tó jìnnà jù tí mo mọ̀ pé wọ́n na ọ̀rọ̀ náà dé, ẹ sì lè kà á sí orúkọ tí wọ́n sọ ilẹ̀ náà ní pàtó. Bákan náà, ohun tó nàró gọgọrọ bí òpó tàbí ilé alájà púpọ̀, tall ló bá a mu. Nínú àwọn ìwé àtijọ́, àti lẹ́nu àwọn Freemason títí di òní, ẹ lè bá "oblong square" pàdé. Láyé ìgbà náà, square lè jẹ́ ohunkóhun tí igun rẹ̀ bá jẹ́ 90 dígírì. Kí ọmọ yín má lò ó nínú ìdánwò.

Mi ò rò pé ẹ ní láti lọ bá olùkọ́ jà, ìyá wa, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní láti sọ fún ọmọ pé ẹ kò mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ fún un pé nínú kíláàsì ìṣirò, kó wo ohun méjì kó tó kun àwòrán. Kó kọ́kọ́ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bóyá igun ìwé rẹ̀ lè wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn géérégé láìṣẹ́ku àlàfo. Bó bá wọ̀ ọ́, kó fi rúlà wọn ìhà méjì tó pàdé ní igun kan. Bí wọn kò bá dọ́gba, kó kùn ún. Bí wọ́n bá dọ́gba, kó fi í sílẹ̀, kódà bí àwòrán náà bá wà nídùúró lórí igun rẹ̀ kan tí ó sì dà bí ẹni pé ó gùn, nítorí pé àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ọmọdé fẹ́ràn láti yí square sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí láti mọ̀ bóyá rúlà ni ọmọ lò tàbí ojú lásán.